Owó Wúrà Tí A Kò Gbọdọ̀ Fi Òkúta Dán Wò

Òkúta mọ wúrà, kò mọ ọba. Iná mọ wúrà, kò mọ adé. Ọ̀rọ̀ yìí ni odù Ọ̀ṣẹ́ sọ fún Tíṣà Aróyéwùn, ọmọ alágbẹ̀dẹ wúrà ní Iléṣà, ní ọjọ́ tí ó ń káàánú ara rẹ̀ pé wọ́n ti fi àgbà òun ṣe yẹ̀yẹ́, tí ẹ̀rù ọjà kẹta sì ń bà á.

Èmi gan-an ni mo da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún tí odù náà fi jáde sílẹ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdààmú ọkùnrin náà. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ ni àwọn ìyàwó olówó máa ń kó owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún, kí ó fi rọ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn. Bàbá a jù wọ́n sínú iná, orí ọba tó wà lára wọn a sì yọ́ bí ọ̀rá. Nígbà tí bàbá kú, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí iná kò rí jẹ. Ó pinnu láti kó orí mẹ́fà jọ, láti orí Fìkitóríà títí dé orí ọba tó wà lórí ìtẹ́ lónìí. Ó rí márùn-ún. Ti Jọ́ọ̀jì kẹfà ni kò rí, nítorí ọdún kan péré ni wọ́n rọ ọ́, ọdún 1937 tí wọ́n dé e ládé, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì rọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló rà á. Kí ó tó sanwó, ó fi etí owó náà ha òkúta dúdú tí bàbá rẹ̀ fi ń dán wúrà wò, ó kán omi ásíìdì sí ojú ìlà náà, ìlà kò parẹ́. Òkúta ní wúrà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ owó àtijọ́ wò nílùú Òyìnbó, wọ́n dá méjèèjì padà. Wọ́n ní wúrà ni lóòótọ́, àmọ́ àwọn oníjìbìtì ló rọ ọ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ owó ọba.

Ìyáàfin Dáwódù, obìnrin kan tó ń ta owó àtijọ́ l'Ékòó, wá ní ẹyọ méjì nínú owó Jọ́ọ̀jì kẹfà lọ́wọ́. Àwọn ayẹ̀wò ìlú Òyìnbó náà ti wò wọ́n, wọ́n ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú àádọ́rin, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ pa sínú ike líle tó mọ́ gaara, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bí ènìyàn bá tú ike náà pẹ́nrẹ́n, máàkì ti bàjẹ́ nìyẹn. Tíṣà ti ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nítorí ọjà yìí. Bí wọ́n bá tún tàn án, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Òun àti Fápétù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì nílé báǹkì, tó sì fẹ́ ra ẹyọ kejì, ni wọ́n jọ wá sọ́dọ̀ mi.

“Ìyá, ẹ bá mi wò ó,” ni Tíṣà wí. “Bàbá mi ní n ò gbọdọ̀ ra góòlù tí n kò bá fi òkúta kàn. Àwọn wọ̀nyí ní kí n rà á láìfọwọ́ kàn án. Ta ni kí n gbà gbọ́?”

Mo da owó ẹyọ sílẹ̀, márùn-ún lanu. Ọ̀ṣẹ́ ni.

“Tíṣà, ire ni mo rí. Ṣùgbọ́n ẹbọ wà. Ìgò oyin kan, obì márùn-ún, àti òkúta yẹn. Odò ni ẹ ó sọ ọ́ sí.”

“Òkúta wo?”

“Èyí tí ọwọ́ yín ò kúrò lórí rẹ̀ nínú àpò láti ìgbà tí ẹ ti jókòó.”

“Ìyá, òun nìkan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi.”

“Òun náà ló tàn yín lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá wà nílé, ẹ ó tú ike. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í rí góòlù kó má ha á.”

Fápétù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí Tíṣà bá fẹ́ sọ òkúta sódò, kí ó kúkú fún òun, nítorí ohun tí òun kò bá dán wò, òun kò tíì rà á. Mo sọ fún un pé Ọ̀ṣẹ́ bá òun náà wí: kí ó rú oyin àti obì, kí ó sì búra pé òun kò ní tú u. Ó ní oyin tó wà nílé òun, tíì ni òun ń fi í mu. N kò bá a jà. Iṣẹ́ mi ni kí n jẹ́ iṣẹ́ tí a rán mi.

Ní ọjọ́ kẹta, Tíṣà gbé oyin àti obì bá mi lọ sí etí odò. Ó di òkúta náà mú pinpin, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú.” Ó sọ ọ́ sínú omi, ó sì yí padà lọ láìwẹ̀yìn.

Nígbà tí owó náà dé, ó sọ fún mi pé òkúta ni òun kọ́kọ́ wá. Ó ní ọwọ́ òun lọ sínú àpò fúnra rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Mojíbádé ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ nọ́ńbà ara ike sórí fóònù, àwòrán tí àwọn ayẹ̀wò yà pamọ́ sì jáde. Ìlà tín-tìn-tín kan bí irun wà níwájú imú ọba nínú àwòrán. Wọ́n gbé ike sí ojú oòrùn, ìlà náà wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́.

“Bàbá, òun ni!” ni Mojíbádé kígbe. “Òun náà ni!”

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó tó ọdún méjì tí kò tíì mí bẹ́ẹ̀. Orí àga tó jókòó sí ló sùn sí lọ́sàn-án gangan, kò sì jí títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí mo gbọ́, ara tu èmi náà, nítorí ẹbọ tí a fi ohun tí a fẹ́ràn rú máa ń wúwo lọ́rùn ẹni tó sọ ọ́ jáde.

Fápétù ní tirẹ̀, òòlù ló fi fọ́ ike. Ó gbé owó náà lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà lọ́jà, wọ́n fi ha òkúta, wọ́n kán ásíìdì sí i, ìlà kò parẹ́. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó, ó ra móòtì fún alágbẹ̀dẹ mu, ó sì fi etí agbádá nu owó náà kí ó lè dán sí i. Nígbà tó di pé ó fẹ́ tà á, ó gbé e padà lọ sí Èkó. Ìyáàfin Dáwódù wò ó, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni. Góòlù gidi ni, mo ti dán an wò.”

“Ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀. Ojú tó ń dán bíi dígí ti di kìkì ìlà híha. Àwọn ayẹ̀wò ò ní fún un ní máàkì mọ́. Ìwọ̀n góòlù nìkan ni mo lè rà lọ́wọ́ yín.”

Fápétù wá bá mi, kò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìgò oyin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹbọ wo ni a máa ń rú tí ojú àpá fi ń parẹ́?”

Mo ní kí ó gbé oyin rẹ̀ padà sílé, nítorí ojú àpá kò lè jọ ojú ara mọ́.

Aróyéwùn gbọ́, ó rú, orí mẹ́fà pé sílé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Fápétù gbọ́, ó fi rẹ́rìn-ín. Ojúlówó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi bà á jẹ́, àbámọ̀ yẹn ló sì ń jẹ dòní.