Ìwe Adìẹ fún Ẹni Tó Ṣẹ́gun
Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ìlú kékeré Erínta gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò sìn: Apákún tàbí Ìlọ́rẹ̀, ìlú ńlá méjì tó jọ ṣẹ́gun Ògbómì kí wọ́n tó dọ̀tá. Èyí tí wọn ò bá yàn yóò dáná sun wọ́n. Ni Àwẹ̀ró, ìyàwó kékeré baálẹ̀, bá gbé ọbẹ̀ adìẹ síwájú ikọ̀ méjì tí àwọn ìlú náà rán wá. “Ẹ̀yin bàbá, ìwe kan ló wà níbẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá jọ gbà pé ó ṣẹ́gun Ògbómì ni kó jẹ ẹ́. Òun la ó sìn.” Ikọ̀ Apákún nawọ́. Ti Ìlọ́rẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù: “Ìwọ tó o sá wọ àká?” Ti Apákún dá a lóhùn: “Ta ló pọ̀n ọ́ kúrò lójú ogun?” Àwẹ̀ró ní, “Ẹ lọ bi àwọn ọba yín, à ń dúró.” Àwọn ọba méjèèjì ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó ṣẹ́gun dòní. Erínta ò sin ẹnikẹ́ni, ó sì ń ná ọjà àwọn méjèèjì.