Ìyá Tó Dákẹ́

Ọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ máa ń kì láràárọ̀. Láti kékeré rẹ̀ ni ìyá ti ń ṣe é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Àdìgún, ọkọ mi, dìde." Nígbà tí ọmọ kọ́lé, tó mú ìyá wá síbẹ̀, ìyá kò jáwọ́. Orúnkún ń ro ó, síbẹ̀ á wọ́sẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un nínú ilé náà nìyẹn.

Ọmọ wá ra ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n ti kọ́ ọ ní Yorùbá. Bí ó bá ní, "Tan iná," iná á tàn. Bí ó bá bi í bóyá òjò máa rọ̀, á fèsì. Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí i lọ́kàn. Ó ní kí ìyá kì òun, ó gba ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa fi jí òun.

"Màámi, ẹ máa sinmi," ló wí. "Ẹ má da ara yín láàmú mọ́."

Ìyá dúpẹ́. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, orí ibùsùn rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń kì ọmọ, á sì gbọ́ ọmọ tó ń fi ojú oorun sọ pé, "Dákẹ́." Ohùn náà á dákẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ìyá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Kò lè dìde. Ìrora itan kò jẹ́ kó lè mí dáadáa. Ó pe ọmọ bó ṣe ń pè é láti ìkókó: "Àdìgún, ọkọ mi, dìde."

Ọmọ gbọ́. Ó fa aṣọ borí. "Dákẹ́, jàre."

Ìyá dákẹ́.

Oòrùn ti yọ kí ọkùnrin náà tó jí. Ó ní, "Tan iná." Iná kò tàn. Ìgbà náà ló rí i pé wọ́n ti mú iná lọ láti òru, ẹ̀rọ sì ti kú síbẹ̀. Ta ló wá pè é ní ìdájí? Ó sáré.

Ó bá ìyá lórí símẹ́ńtì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò tún pè mí?"

"O ní kí n dákẹ́."

Ìyá kò kú. Egungun itan rẹ̀ tó kán jiná díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kò kì ọmọ mọ́. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ó sunkún pàápàá. Ìyá á wò ó, á ní, "Ẹ̀rọ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe." Báyìí, bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ọmọ kò jẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Á jókòó sí etí ibùsùn, á gbọ́ ọ tán. Ohun tó kù fún un nìyẹn.

Ìwọ tí ò ń mirí yìí, má bá mi bú ọkùnrin yẹn. N ò bá ẹ̀rọ wí, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ìwọ ni mò ń bá wí. Ìyá rẹ pè ọ́ níṣojú mi láìpẹ́ yìí, o wo orúkọ rẹ̀, o dojú fóònù dé, o ní wàhálà màmá ti pọ̀ jù. Ẹyin lohùn. O rò pé bó o ti ń pa á lẹ́nu mọ́ náà lá máa tún pè. Á pè lóòótọ́, títí di ọjọ́ tó máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.