Ẹni Tí Ó So Ìyá Mọ́ Ọmọ

Oyèníran, ọkùnrin kan wà tí ó gbọ́ èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀m̀pútà yékéyéké. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, kí o gbọ́ mi. Àwọn ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ a máa gbé àkọsílẹ̀ wọn sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ èdè náà lè so àdírẹ́ẹ̀sì kan mọ́ òmíràn, kí kọ̀m̀pútà sì máa tọ okùn náà lọ.

Ọkùnrin yìí so ó títí ó fi ṣe ohun kan tí a fi ń wá ẹbí tó ti fọ́n ká. O kọ orúkọ èèyàn rẹ, ó sọ ibi tó wà fún ọ. Ó mọ̀ pé nílẹ̀ wa, orúkọ ọmọ la fi ń pe obìnrin. Nítorí náà ó pàṣẹ pé níbi tí kọ̀m̀pútà bá ti rí "Ìyá Lágbájá", kí ó wá Lágbájá kàn, kí ó so ìyá mọ́ ọmọ. Ó ní òyìnbó kankan kò lè ronú kan irú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá gbogbo èèyàn ló fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó rẹ́rìn-ín.

"Gbangba làṣá ń ta," ó ní. "Ṣé mo jí nǹkan ẹnikẹ́ni ni?"

Kò jí nǹkan kan lóòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àlejò kan gbé àkùkọ wá bá a. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá mi. Ẹ kò ní wá ọmọ tiyín tì. Ìyàwó mi ló gbé Morádéyọ̀ ọmọ mi sá lọ, ó tún pa orúkọ dà. Àṣé ó ń ránṣọ níwájú ilé-ìwé Morádéyọ̀ gan-an!"

"Kí ló lé e sá?"

"Obìnrin, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n. Mo kàn bá a wí díẹ̀ ni, apá rẹ̀ kán. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá." Ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun ní gáréèjì, ó sì jáde.

Yéè! Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí sáré sí ìdí kọ̀m̀pútà, ó rí ohun tí ó so. Obìnrin náà ti pa orúkọ ara rẹ̀ dà, ṣùgbọ́n kò lè pa ti ọmọ dà, torí ìyá tó bí obìnrin náà, tó ti kú, ló sọ ọmọ náà lórúkọ. Ọmọ náà gbégbá orókè nínú eré sísá, ilé-ìwé gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ aránṣọ sì kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè é, Ìyá Morádéyọ̀. Kò sí ẹni tó ṣebi nínú wọn. Òun ló so wọ́n pọ̀.

Ó gé okùn náà, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti dà á kọ. Ẹyin lohùn. Ó pe ọ̀gá ilé-ìwé náà.

"Ẹ sọ fún un kó sá, mà! Ọkọ rẹ̀ ń bọ̀!"

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lọkọ ọ̀hún?" ọ̀gá náà dáhùn, ó sì pa fóònù.

Ọlọ́run ló yọ wọ́n, síbẹ̀ ọ̀gá náà sáré lọ kìlọ̀ fún ìyá ọmọ náà. Nígbà tí ọkọ débẹ̀, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù ṣì gbóná, kò sí ẹnì kankan. Ìyá àtọmọ wà láàyè níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jẹ́ Morádéyọ̀ mọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kó sáré níbi tí èèyàn pọ̀ sí.

Oyèníran, o gbé iṣẹ́ tìrẹ wá, o fẹ́ so àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìgbẹ̀bí mọ́ ti àwọn àdúgbò. O ní gbogbo rẹ̀ ló wà ní gbangba. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò purọ́ fún ọ. Kí o tó gbé e jáde, padà sídìí rẹ̀. Mú orúkọ obìnrin kan nínú rẹ̀, kí o wá a bí ẹni tó fẹ́ pa á. Bí ìwọ bá rí i, ẹni tó ń lé e náà á rí i.