Ìgbín Tí Kò Dáhùn

Àlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi rìn wọ igbó, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀dá mú gan-an lọ́dún náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ru omi odò bọ̀, ó rí Ìgbín nínú ewé gbígbẹ, ó kí i. Ìgbín ò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì ó bá a láàárín ọ̀nà, ó tún kí i, kẹ́kẹ́ pa. Lọ́jọ́ kẹta, ìdí igi Ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an ló bá a, kò sì fọhùn. Inú bí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó gbé omi rẹ̀ gun igi, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo kí Ìgbín, kò dá mi lóhùn,
Ìgbéraga ni.
Mo tún kí i, ó panu mọ́,
Ìgbéraga ni.

Nígbà tí òjò rọ̀, gbogbo ìgbín jẹ jáde, àfi ti ìdí igi. Ọ̀kẹ́rẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìkarahun. Ìgbà yẹn ló tó rántí ewé, ó rántí àárín ọ̀nà. Ó da omi sí i lára, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o jí ire?"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é padà fún Ọ̀kẹ́rẹ́:

Mo kí Ìgbín, kò dá mi lóhùn,
Òùngbẹ ni.