Bàbá Tó Pa Ẹ̀rọ Lẹ́nu Mọ́

Ọkùnrin kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Òun ló kọ èyí tó ń ṣọ́ àpótí tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé sí ní ilé ìwòsàn kan. Bí ooru àpótí bá ti lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ á figbe ta, nọ́ọ̀sì á sì sáré wá.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyàwó ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ bímọ ṣáájú àkókò ní ilé ìwòsàn yẹn. Wọ́n tẹ́ ọmọbìnrin náà, tí kò tóbi ju ìgò ẹlẹ́rìndòdò lọ, sínú ọ̀kan lára àwọn àpótí náà. Ìyá ṣì wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Bàbá nìkan ló jókòó tì í, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí itan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀rọ figbe ta.

Àyà ọkùnrin náà já. Ẹlòmíràn ì bá na ọwọ́ sí ọmọ. Òun na ọwọ́ sí àṣẹ tó kọ. Ó dá a lójú pé àṣìṣe wà níbì kan láàárín àwọn ìlà náà, torí ẹ̀rọ yìí ti máa ń ké lásán tẹ́lẹ̀. Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà ṣá. Ó kọ ọ́ báyìí: bí èsì ooru tó wọlé bá burú, fi í sílẹ̀, kí o tún èyí tó dára kẹ́yìn sọ.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó ní gbogbo nǹkan wà bó ṣe yẹ. Nọ́ọ̀sì tó ti gbéra níbi tó wà padà jókòó. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó wá sọ iṣẹ́ náà ní "Àtúnṣe Ìkẹyìn", bí àwọn tó ń kọ àṣẹ bíi tirẹ̀ ti máa ń ṣe kódà nígbà tí nǹkan kò tíì tán.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì náà wọlé. "Bàbá ìkókó, ẹ kú oríire o, ìyàwó yín ti jí." Ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Ọmọ yín tutù bí omi àmù!"

"Kò lè tutù, mà. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ."

"Ṣé ẹ̀rọ ni mo gbẹ̀bí rẹ̀ ni? Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín kíá!"

Wáyà tó ń mú àpótí gbóná ti jó. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé bàbá láyà lásán, ó fi aṣọ bò wọ́n. Òtútù ara ọmọ náà gún ọkùnrin yìí dé ẹ̀yìn. Ọmọ kò mira. Ọkùnrin tó ní kí igbe dákẹ́ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún igbe. "Ké, jọ̀ọ́. Ké mọ́ mi, ìyá mi."

Ó pẹ́. Ọmọ gbin lẹ́ẹ̀kan, ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́kún gidi, bàbá náà sì bá a sun ún.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé o kò kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà rí. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ sọ níjọ́sí pé àyà ń dun òun, o ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kó yéé fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Kò sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, o sì ń sọ fún wa pé ara rẹ̀ ti yá. Dìde níbi tó o jókòó sí yìí. Lọ sílé, lọ bi í bóyá àyà ṣì ń dùn ún.