Onílé Tí Kò Lè Pa Ẹnu Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní Ṣakí tí ó ní ilé oníyàrá mẹ́jọ tí àwọn ayalégbé ń gbé. Ilé náà sú u. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè é wá parí ìjà: ẹni tí kò gbá àgbàlá, ẹni tí ó da omi ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà ẹnìkejì. Nídìí oúnjẹ, ó máa ń bú ilé náà fún aya rẹ̀.

"Òrùlé rẹ̀ ń jò. Yàrá rẹ̀ há. N ó tà á, kí n sinmi."

"Ẹ tà á nígbà náà," ni aya rẹ̀ wí. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ọdún mẹ́ta.

Alágbàtà kan mú oníbàárà wá. Kí wọ́n tó wọlé, ó kìlọ̀ fún onílé: "Bàbá, iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ni kí ó bu ọjà kù. Ohunkóhun tí ó bá wí, ẹ má fèsì o. Èmi ni ẹnu yín lónìí."

"Ọmọdé ni mí bí?"

Oníbàárà gbójú sókè. "Òrùlé yìí ń jò."

Onílé wúkọ́.

"Àwọn yàrá yìí sì há."

"Há kẹ̀?" Onílé ti bọ́ síwájú. "Inú yàrá kejì yẹn ni Ìyá Ìbejì ti tọ́ ọmọ méjì. Ṣé wọ́n fún pa ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…" ni alágbàtà wí.

Oníbàárà gbá ògiri pẹ́pẹ́. "Bí mo bá rà á, wíwó ni n ó wó o."

"Wó kí ni? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi mọ bíríkì rẹ̀! Ẹ bá mi sin àlejò yìí dé títì!"

Àwọn ayalégbé tí ń yọjú lójú fèrèsé bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá onílé wa, ẹ kú ọjà títà o!"

Nígbà tí ó délé, aya rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ó rà á?"

"Ilé ọ̀hún ju tirẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ó pe káfíńtà sí òrùlé. Ó sì fi Ìyá Ìbejì ṣe olórí ilé, kí ó máa parí ìjà.

Ìwọ tí o wá bi mí bóyá kí o ta ilé tí o fi háyà, n kò ní bá ọ pinnu rẹ̀. Ilé tí ó yẹ ní títà wà. Ṣùgbọ́n dẹ́kun bíbú u fúngbà díẹ̀, kí o jẹ́ kí ẹlòmíràn bú u lójú rẹ. Bí o bá lè jókòó jẹ́ẹ́, kí o máa mi orí, tà á, má wẹ̀yìn. Bí o bá fò dìde, ọ̀rẹ́ mi, àárẹ̀ lásán ni ó mú ọ. Sùn ná.