Bánjókòó àti Alùpùpù Tí Kò Dún

Ìyá Bánjókòó bí ọmọ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ọ̀kan kò dúró nínú wọn. Nígbà tí ó bí ìkẹrin, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun jókòó, ẹ̀bẹ̀ náà sì di orúkọ. Ọmọ gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó dúró. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ti orúkọ kúrò, kò sí ẹni tí ìjókòó kò bá lára mu tó o ní gbogbo ìlú Arárọ̀mí. Bí ó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ènìyàn bá ń kí i, yóò ti dáhùn kí onítọ̀hún tó kí i tán.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlúpéjú, ìrìn máìlì mẹ́rin sí Arárọ̀mí. Àwọn bíi mẹ́wàá ni wọ́n jọ ń rin ọ̀nà náà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́. Mọ́tò kì í gba ibẹ̀, nítorí pé igi ni wọ́n fi ṣe afárá tó wà lórí odò Aláró, ó sì ti gbó. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Tíṣà Ọládùnjoyè, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kò ju ọdún kan lọ mọ́ kí ó fẹ̀yìn tì. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan báyìí ni Tíṣà ń gùn. Ní ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, bí ó bá ti dé ẹnu afárá, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò wo igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìwò yìí, tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní láti dúró dè, ló máa ń bí Bánjókòó nínú jù lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nínú oṣù kan, ọ̀gá rẹ̀ sì bá a wí lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀.

Ibi tí wọ́n rán an níṣẹ́ lọ ní ìlú ńlá kan ni ó ti rí alùpùpù oníná. Kò mu epo, kò rú èéfín, kò sì dún. Ẹni tó ń tà á gùn ún yí ká fún un, ó lọ bí ẹyẹ àṣá, ó dé kí Bánjókòó tó yí ọrùn. Owó rẹ̀ ga ju ohun tí akọ̀wé ń gbà lọ fíìfíì. Bánjókòó padà sílé, ó ta oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì lọ gbé alùpùpù náà wá.

Nígbà tí Mọrẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó ká ọwọ́ lérí.

"Oko kòkó yẹn náà, Bàbá Adúnọlá? Oko tí Bàbá fi rán yín níwèé?"

"Oko kì í gbéni lọ síbi iṣẹ́."

"Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ fi nǹkan yìí gbà ńkọ́? Ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń ronú kí ó tó gbé ẹsẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́, Ìyá Adúnọlá. Kò ní pẹ́ mọ́ ọ lára."

Ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹnu ya gbogbo Arárọ̀mí. Arúgbó kan ń gbálẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rí eruku tó dìde, ó rí ẹni tó kọjá fìrì, kò sì gbọ́ ohunkóhun. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò dún!" ni ó ń pariwo. "Ẹ gbà mí o, ó kọjá, kò dún!" Àwọn tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ sáré bọ́ sínú koríko. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Bánjókòó ni, wọ́n pariwo lé e lẹ́yìn: "Bánjókòó! Eré o!" Kò wẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì nìkan ni ó gbé sókè láti dá wọn lóhùn. Ó di bí wọ́n ti ń ṣe láràárọ̀: wọn a pariwo, òun a gbé ọwọ́ òsì sókè, a sì pòórá.

Ohun tí Bánjókòó kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni bí nǹkan ṣe rí bí ó bá dé ibi iṣẹ́. Ní títì pa ni yóò bá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Lọ́wọ́ Kújọrẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọkùnrin gíga kan tó ń ṣọ́ ọgbà ọ́fíìsì lọ́sàn-án, Arárọ̀mí ni òun náà ń gbé, ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn. Bánjókòó ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kọjá lójú ọ̀nà láràárọ̀, yóò wá lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn láti dúró dè é. Ti iná tún wà níbẹ̀. Bí ìjọba bá mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, Bánjókòó a tan ẹ̀rọ amúnáwá kí alùpùpù lè gba iná. Alùpùpù kò mu epo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúnáwá ń bá a mu ún.

Síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ kan ni Tíṣà bá a ní ẹnu géètì ọ́fíìsì.

"Bánjókòó, ohun tí o rà yìí dára, n kò ní purọ́. Bí ọ̀nà wa bá rí bíi ti ìlú ńlá ni, èmi náà ì bá fẹ́ irú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ ọ́. Bí o bá dé ibi afárá, máa sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí ni mo wá ra eré ṣe?"

Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àsìkò òjò dé. Ní òru ọjọ́ kan, òjò rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Adúnọlá, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, gbóná janjan. Kí wọ́n tó wá omi láti fi nù ún, gìrì gbé e. Ojú rẹ̀ yí sókè, eyín tí kò tíì pé mẹ́rin pàdé ara wọn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ le gbọngbọn. Mọrẹ́nikẹ́ ké. Nígbà tí gìrì náà tú u sílẹ̀, ọmọ rọ̀ jọwọrọ bí aṣọ tútù, kò sunkún.

"Pọ̀n ọ́n!" Bánjókòó ti ń ti alùpùpù jáde. "Kí o tó ka ọgọ́rùn-ún mélòó kan, a ó ti dé ilé ìwòsàn Ìlúpéjú."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Mọrẹ́nikẹ́ dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé ọkọ òun ra nǹkan náà. Ó pọn ọmọ, ó gbá ọ̀já, ó gùn ún lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Bánjókòó dé akoto rẹ̀, ó bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi eré sí i.

Wọn kò tíì dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò tí ó fi rí àwọn tí wọ́n jọ ń lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó yà á lẹ́nu díẹ̀ ni pé wọ́n dojú kọ òun bọ̀. Wọ́n ń ju apá, wọ́n ń fò sókè, ẹnu wọn là gbàgà. Tíṣà ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi fìlà juwọ́. Atẹ́gùn nìkan ni Bánjókòó ń gbọ́ nínú akoto. Wọ́n tún ń yìn mí, ni ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì ré wọn kọjá.

Mọrẹ́nikẹ́ kò dé akoto. Ó gbọ́ wọn. "Dúró! Afárá ti lọ! Bánjókòó, afárá ti lọ!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Bánjókòó rò pé nítorí ọmọ ni, ó sì tún fi eré kún eré.

Ó yọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ojú rẹ̀ rí i, ọkàn rẹ̀ kò gbà. Òpó méjì ló dúró láàárín omi pupa, kò sí ohunkóhun lórí wọn. Ibi tí afárá wà lánàá, igi ńlá kan tó fà tu tòun ti gbòǹgbò ń yí lọ níbẹ̀. Ó tẹ bíréèkì. Táyà kò di ilẹ̀ mú; amọ̀ pupa tí òjò ti rin ń yọ̀ bí ilá. Alùpùpù ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jù wọ́n nù.

Bí Mọrẹ́nikẹ́ ti ń lọ nínú afẹ́fẹ́ ni ó yí ara rẹ̀ padà. Ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ni ó fi balẹ̀, kí ẹ̀yìn tí ọmọ wà má baà kan ilẹ̀. Alùpùpù kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni lórí rẹ̀, títí ó fi wọ odò. Kò dún nígbà tó ń lọ. Omi nìkan ni ó dún.

Bánjókòó wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú amọ̀. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ó ń wo ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì gbọ́ igbe ọmọ. Tíṣà ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, tí èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó tú ọ̀já, ó gbé etí lé àyà ọmọ.

"Ó ń mí," ni ó wí. "Ó ń mí! Ẹ jẹ́ ká lọ."

Lápá òkè odò, ọ̀nà ọdẹ kan wà tí omi kì í ju àyà ènìyàn lọ níbẹ̀, bó ti wù kí òjò rọ̀ tó. Kújọrẹ̀ gba ọmọ, ó gbé e sókè ju orí lọ. Àwọn méjì di Mọrẹ́nikẹ́ mú. Tíṣà so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká bí ẹni gbé àga. Wọ́n wọ omi. Nígbà tí wọ́n wẹ̀yìn, Bánjókòó kò sí pẹ̀lú wọn. Etí odò ni wọ́n ti rí i, tó di ọwọ́ alùpùpù tó rì sínú ẹrẹ̀ mú, tó ń fà á, tó ń ké.

"Ẹ ràn mí lọ́wọ́! Bó bá jáde, a ó yára dé ibẹ̀! Ẹ ràn mí lọ́wọ́!"

Ó fà á, kò mì. Ó wúwo bí òkúta ọlọ.

"Bánjókòó!" Kò sí ẹni tó gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu Tíṣà rí. "Ọmọ rẹ ti wà lódìkejì!"

Bánjókòó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó fi alùpùpù sílẹ̀, ó sáré bọ́ sínú omi.

Lódìkejì, Mọrẹ́nikẹ́ gbé ọmọ jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Tíṣà wà á. Bánjókòó ń sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà, wọ́n sì jọ dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì gba ọmọ, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi omi sí i lára. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, Adúnọlá sunkún. Igbe kíkorò ni, kò sì sí ohun tó dùn létí Bánjókòó tó o rí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Mọrẹ́nikẹ́ kò bá a jà.

"Mo gbọ́ igbe wọn," ni ó wí. "Mo ń lù yín lẹ́yìn."

"Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́."

"Ẹ̀rù náà ló ń bà mí."

Ní ọjọ́ kẹta tí odò fà, ọkùnrin mẹ́jọ ni ó fi okùn fa alùpùpù jáde. Wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe ní Ìlúpéjú. Ó tú u, omi pupa dà jáde nínú bátìrì. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. Ó ní òun kò rí inú irú rẹ̀ rí, òun kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Bánjókòó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn padà.

Oṣù méjì ni àwọn ará ìlú fi ṣe afárá mìíràn, Bánjókòó sì wà lára àwọn tó ń ru òpó. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Kújọrẹ̀ bi í léèrè lójú ọ̀nà bóyá yóò ra alùpùpù mìíràn, nígbà tí afárá tuntun ti wà. Bánjókòó dá a lóhùn.

"Eré wà lọ́jà," ni ó wí, "mo sì rí i rà. Ọ̀nà ni n kò rí ẹni tó ń tà."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá odò dé Ìlúpéjú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà agbègbè náà fi ń pa á lówe, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń kó ohun ìní rẹ̀ lé ìyára, pé: "Owó a máa ra eré, kì í ra ọ̀nà."